Ṣé àkáǹtì GitHub kan náà ni mo máa fi ṣe iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ àti iṣẹ́ tara mi?

Kaṣú_Ìsánlú

Ọ̀kún o, gbogbo ilé.

Ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí síṣẹ́. Láti ilé ni màá ti máa ṣe é, níbí ní Ìsánlú, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni màá sì bẹ̀rẹ̀. Lánàá ni ẹni tó ń bójú tó kóòdù wọn kọ̀wé sí mi pé kí n fi orúkọ tí mò ń jẹ́ lórí GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń kó kóòdù sí, ránṣẹ́, kí òun lè fi mí kún àwọn tó wà níbẹ̀. Mi ò tíì dá a lóhùn.

Ìdí ni pé àkáǹtì tí mo ní, tara mi ni, láti ìgbà tí mo wà ní yunifásítì ní Lọ́kọ́ja. Gmail mi ni mo fi ṣí i. Iṣẹ́ àṣetiléwá pọ̀ níbẹ̀ tí mi ò fẹ́ kí ọ̀gá kankan kà, àmọ́ èyí tó jẹ mí lógún ni ìwé kaṣú. Ètò kékeré kan ni, orí fóònù ló ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń ra kaṣú lọ́wọ́ àgbẹ̀ máa ń fi kọ iye kílò tí wọ́n wọ̀n, iye tí wọ́n ń ra kílò kan lọ́jọ́ yẹn, ẹni tí wọ́n ti sanwó fún àti ẹni tí wọ́n ṣì jẹ ní gbèsè. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣiṣẹ́, torí ẹni tó bá ti lọ ra kaṣú lábúlé mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í báni dé oko. Ìyá mi ló kọ́kọ́ lò ó, òun náà ló sì ń bú mi jù bí nǹkan kan bá bàjẹ́ níbẹ̀. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni lè mú un. Àwọn kan láti Ogbómọ̀ṣọ́ tiẹ̀ ti bá mi tún apá kan rẹ̀ ṣe.

Láti oṣù Kejì títí wọ oṣù Karùn-ún, nígbà tí kaṣú bá ń já, kò sí ọjọ́ tí mi ò fọwọ́ kan kóòdù yẹn, ìgbà míì ọ̀sán gangan ni, torí àgbẹ̀ ti wà lẹ́nu òṣùwọ̀n tó ń dúró. Mi ò fẹ́ kí ọ̀gá tuntun ṣí ojú ewé mi kó máa ka aago. Mi ò sì fẹ́ kí wọ́n sọ lọ́jọ́ kan pé ìwé kaṣú ti di tiwọn nítorí pé àkáǹtì kan náà ni mo fi ń ṣe tiwọn. Ọjọ́ tí mo bá wá kúrò lọ́dọ̀ wọn ńkọ́, ṣé wọn ò ní ti àkáǹtì mi pa?

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ṣí òmíràn, kí n fi íméèlì ilé-iṣẹ́ ṣí i. Ọ̀rẹ́ mi kejì ní GitHub ò gbà kí ẹnì kan ní méjì, pé wọ́n lè gba méjèèjì. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni mo ní, Ubuntu ló wà lórí ẹ̀, wọn ò sì tíì sọ pé àwọn máa fún mi ní ọ̀kan. Báwo ni màá ṣe tò ó tí Gmail mi ò fi ní í yọjú nínú iṣẹ́ wọn, tí íméèlì wọn náà ò sì ní í yọjú nínú ìwé kaṣú?

---

Bọ̀dé_Kàbà

Méjì. Ṣí èkejì kó o sùn dáadáa.

Iṣẹ́ oníbàárà ni mò ń ṣe, lónìí ti ẹnì kan l'Ábújá, lọ́la ti ẹlòmíì ní Kánádà. Profáìlì méjì ni mo ṣí sínú Firefox, mo kun ọ̀kan ní pupa, mo kun ìkejì ní búlúù. Bí mo bá ti rí pupa, mo mọ̀ pé ẹnu iṣẹ́ ni mo wà. Kò sí oníbàárà mi kankan tó mọ̀ pé mò ń kọ ètò ayò ọlọ́pọ́n lóru, kò sì kàn wọ́n.

---

Àgbà_Ẹ̀gbẹ̀

Bọ̀dé, ìmọ̀ràn yẹn bá ìwọ mu. Kò bá ọmọ yìí mu, jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Kaṣú, ọmọ mi, irú iṣẹ́ tí ọkùnrin tó kọ̀wé sí ẹ yẹn ń ṣe ni èmi náà ń ṣe. Ẹ̀gbẹ̀ níbí ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń mú èèyàn wọ organization (ibi tí ilé-iṣẹ́ ń kó kóòdù àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ sí) ti ilé-iṣẹ́ kan lórí GitHub, èmi náà ni mò ń yọ wọ́n. Nítorí náà, ohun tí ojú ọ̀gá ń rí ni màá sọ fún ẹ.

Ọ̀rẹ́ rẹ kejì ló sún mọ́ òótọ́. Òfin GitHub ni pé ẹnì kan ò gbọdọ̀ ní ju àkáǹtì ọ̀fẹ́ kan lọ. Wọ́n fàyè gba ọ̀kan sí i tó jẹ́ ti ẹ̀rọ, ìyẹn èyí tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe pé èèyàn jókòó tì í. Àwọn fúnra wọn ló tún ń gba èèyàn níyànjú pé kó lo ẹyọ kan fún iṣẹ́ àti fún ara rẹ̀, kó fi íméèlì méjèèjì sí i. Bí wọ́n ṣe pín in ni pé àkáǹtì jẹ́ ti èèyàn, organization jẹ́ ti ilé-iṣẹ́. Wọ́n á mú ọ wọlé, wọ́n á mú ọ jáde, àkáǹtì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ.

Kí wá ni ọ̀gá ń rí? Èmi tí mo jẹ́ owner, ìyẹn ẹni tó ń darí rẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú organization wa ni mò ń rí: ẹni tó push (tó fi kóòdù ránṣẹ́ síbẹ̀), ẹni tó pa repo (àpò tí kóòdù iṣẹ́ kan wà) rẹ́, ẹni tó pe àjèjì wọlé. Mi ò rí repo tí ẹnikẹ́ni pa mọ́ sínú àkáǹtì tirẹ̀, mi ò lè ṣí i, mi ò sì lè ti àkáǹtì rẹ̀ pa. Èyí tó bá wà ní gbangba, mò ń rí i bí gbogbo ayé ṣe ń rí i. Bó o bá ní àkáǹtì mẹ́wàá, màá ṣì rí ìwé kaṣú tí mo bá wá a, torí orúkọ rẹ wà lára rẹ̀. Ti aago tó ò fẹ́ kí wọ́n máa kà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àkáǹtì rárá, ọ̀rọ̀ wákàtí iṣẹ́ ni. Sọ fún wọn pé lásìkò kaṣú, o lè yọ díẹ̀ lọ́sàn-án kó o sì san án padà lálẹ́. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ṣe ń wá ẹ̀rọ tó máa bá yín sọ ohun tí ẹnu lè sọ.

Ọjọ́ tí mo bá yọ èèyàn, kò ní lè wọ repo ìpamọ́ wa mọ́. Fork, ìyẹn ẹ̀dà tirẹ̀, tó bá ṣe nínú irú repo bẹ́ẹ̀ náà á pa rẹ́. Ìyókù tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, mi ò lágbára lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bi ọkùnrin yẹn ní ìbéèrè kan kó o tó dá a lóhùn. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kan ń lo ohun tí GitHub ń pè ní Enterprise Managed Users. Níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ ló ń dá àkáǹtì sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́. Wàá dá a mọ̀ lára orúkọ: ìlà ìsàlẹ̀ kan (`_`) á wà, orúkọ kúkúrú ilé-iṣẹ́ á tẹ̀ lé e. Irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ ò lè gbé ohunkóhun sí gbangba, kò lè fọwọ́ kan kóòdù tó wà níta ilé-iṣẹ́, àwọn ló sì ni ín láti òkè dé ilẹ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, o ti ní méjì nìyẹn, kò sì sí òfin tó dè ọ́, torí àwọn ló ń sanwó èkejì. Ìwé kaṣú ò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ kọjá láéláé. Níwọ̀n bó ti jẹ́ orúkọ tìrẹ ló béèrè, kò jọ pé irú ẹ̀ ni, àmọ́ ṣáà béèrè.

Tó bá jẹ́ organization lásán, fi íméèlì ilé-iṣẹ́ kún àkáǹtì tó o ní. Gmail rẹ ni kó wà nípò àkọ́kọ́, má ṣe gbé tiwọn síbẹ̀, torí bó o bá gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù lẹ́yìn tí wọ́n ti gba íméèlì wọn, ọ̀nà ìwọlé di àwátì. Lẹ́yìn náà lọ sí Settings, wọ Notifications, wá Custom routing, kó o ní kí ìròyìn organization wọn máa lọ sí íméèlì wọn. Gmail rẹ á wà ní mímọ́. Ọjọ́ tó o bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn, yọ íméèlì wọn kúrò kí wọ́n tó tì í pa. Àwọn commit (àyípadà kóòdù tó o ti fi pamọ́) tó o fi íméèlì yẹn ṣe ò ní so mọ́ àkáǹtì rẹ mọ́ o, àwọn àpótí aláwọ̀ ewé kan, tó ń fi ọjọ́ tó o ṣiṣẹ́ hàn, á sì kúrò lójú ewé rẹ. Má sunkún.

Ó wá ku ti láptọ́ọ̀pù, ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà. Kì í ṣe àkáǹtì ló ń kọ orúkọ àti íméèlì sára commit. Git, ètò tó ń tọ́jú àyípadà kóòdù lórí ẹ̀rọ rẹ, ló ń kọ ọ́, GitHub kàn ń wo íméèlì yẹn láti mọ ẹni tó máa so ó mọ́ ni. Ìwọ náà mọ àpò kaṣú: ẹni tó rán ẹnu àpò ló ń fi ọ̀dà kọ àmì sí i, dẹ́rẹ́bà tó gbé e lọ Èkó ò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní àkáǹtì méjì bíi ti Bọ̀dé fi tún lè rí Gmail rẹ̀ nínú iṣẹ́ oníbàárà.

Dá fódà méjì sílẹ̀ nínú ilé rẹ, `ise` àti `temi`. Gbogbo repo ilé-iṣẹ́ sínú ti àkọ́kọ́, gbogbo tìrẹ sínú ìkejì. Lẹ́yìn náà, kọ èyí sínú `~/.gitconfig`:

```
[user]
    name = Oruko Re
    useConfigOnly = true
[includeIf "gitdir:~/ise/"]
    path = ~/.gitconfig-ise
[includeIf "gitdir:~/temi/"]
    path = ~/.gitconfig-temi
```

Nínú `~/.gitconfig-ise`:

```
[user]
    email = oruko@ileise.example
```

Nínú `~/.gitconfig-temi`:

```
[user]
    email = 12345678+oruko@users.noreply.github.com
```

Íméèlì ìkẹyìn yẹn, GitHub ló ń fún èèyàn, wàá rí tìrẹ ní Settings lábẹ́ Emails. Lò ó dípò Gmail nínú ìwé kaṣú, torí gbangba ni kóòdù yẹn wà, àwọn tó ń ṣa íméèlì kiri láti fi tan èèyàn jẹ sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Má gbàgbé àmì `/` tó kẹ́yìn `ise` àti `temi`, òun ló sọ fún git pé ohun gbogbo tó wà nísàlẹ̀ fódà náà ló ń bá wí. `includeIf` yìí ti wà nínú git láti ẹ̀dà 2.13 lọ́dún 2017, nítorí náà Ubuntu rẹ ní in.

Kíyè sí i pé mi ò kọ íméèlì kankan sínú fáìlì àkọ́kọ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. `useConfigOnly` ń sọ fún git pé kó má ṣe méfò. Bó o bá wà níta fódà méjèèjì, tó o fẹ́ ṣe commit, á kọ̀ jálẹ̀. Ó sàn kó kọ̀ ju kó fi ohun tí kò yẹ ránṣẹ́.

---

Dúpẹ́_Mọ̀pà

Bàbá ti sọ ti GitHub tán. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu mi sí ibi méjì.

Àkọ́kọ́, kì í ṣe gbogbo ibi ni àkáǹtì ti jẹ́ ti èèyàn. Bitbucket la ń lò níbi iṣẹ́ tèmi, Atlassian ló sì ni ín. Bí ilé-iṣẹ́ bá ti fi hàn fún Atlassian pé àwọn ló ni orúkọ tó wà lẹ́yìn `@` nínú íméèlì wọn, wọ́n lè gba gbogbo àkáǹtì tí wọ́n fi irú íméèlì bẹ́ẹ̀ ṣí sábẹ́ àkóso wọn. Wọ́n lè tì í pa nígbà tó bá wù wọ́n. Tó bá jẹ́ pé o ti kó nǹkan tara rẹ síbẹ̀, o di ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Níbẹ̀, àkáǹtì méjì ni, Bọ̀dé jàre.

Èkejì, Kaṣú àbúrò mi, ohun tó bà ẹ́ lẹ́rù jù kò sí nínú kọ̀ǹpútà. Ta ló ni ìwé kaṣú? Inú ìwé àdéhùn iṣẹ́ tó o fẹ́ fọwọ́ sí ni ìdáhùn yẹn wà. Wá ibi tí wọ́n ti sọ nípa ohun tí òṣìṣẹ́ bá ṣe. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ pé ohunkóhun tó o bá ṣe nígbà tó o wà lọ́dọ̀ wọn, ìbáà jẹ́ lóru, ìbáà jẹ́ lórí ẹ̀rọ tìrẹ, tiwọn ni. Bó o bá ti fọwọ́ sí irú ẹ̀, àkáǹtì méjìlá ò lè gbà ọ́. Ní kí wọ́n fi ojú ewé kan kún un tó dárúkọ ìwé kaṣú, tó sọ ohun tó ń ṣe, tó sì sọ pé o ti ní in kó o tó débẹ̀ àti pé wàá máa bá a lọ. Kí ìwọ àti àwọn fọwọ́ sí i. Má ṣe gbójú lé ọjọ́ tó wà lára commit o, torí ẹni tó bá mọ git lè kọ ọjọ́ tó bá wù ú síbẹ̀, agbẹjọ́rò wọn náà á sì wá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Bí wọ́n bá fún ẹ ní láptọ́ọ̀pù tiwọn, ìwé kaṣú ò gbọdọ̀ débẹ̀, kódà fún ìṣẹ́jú kan. Ọ̀sán tó o bá fi ń tún un ṣe, láptọ́ọ̀pù tìrẹ ni.

---

Bọ̀dé_Kàbà

Ẹ ṣeun, Bàbá, ẹ kú àlàyé. Èmi ò rú òfin kankan ṣá o. Òfin ní ọ̀fẹ́ méjì ò sí. Mò ń san dọ́là 4 lóṣù lórí èkejì. Ó sì dájú pé mo ní `includeIf` tèmi náà, ẹ má fi mí ṣe àpẹẹrẹ burúkú.

Ẹni tó bá máa lo méjì bíi tèmi gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ SSH kan (fáìlì tí ẹ̀rọ rẹ fi ń wọ GitHub láìlo pásíwọ́ọ̀dù) ò lè wà lórí àkáǹtì méjì. Bó o bá gbìyànjú ẹ̀, GitHub á ní `Key is already in use`. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wàá ṣe wọ́n, wàá sì kọ èyí sínú `~/.ssh/config`:

```
Host github-onibara
    HostName github.com
    User git
    IdentityFile ~/.ssh/id_onibara
    IdentitiesOnly yes
```

Tó o bá wá fẹ́ clone, ìyẹn kó o kó repo wá sórí ẹ̀rọ rẹ, `git@github-onibara:` lo máa kọ dípò `git@github.com:`. Laini tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì, torí láìsí i, ssh lè kọ́kọ́ na kọ́kọ́rọ́ míì jáde, GitHub á sì gbà ọ́ wọlé lórúkọ tí kì í ṣe èyí tó o fẹ́. `ssh -T git@github-onibara` á dárúkọ ẹni tó rò pé o jẹ́.

---

Kaṣú_Ìsánlú

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Àǹtí Dúpẹ́, ẹ ṣeun. Bọ̀dé, ẹ ṣeun ẹ̀yin náà.

Mo ti bi ọkùnrin yẹn. Ó ní organization lásán ni, àmọ́ wọ́n ń lo SSO, pé tí mo bá wọlé tán mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ mi. Mi ò mọ ohun tó ń wí. Mo ka ìwé àdéhùn náà lálẹ́ àná, ìlà tí Àǹtí Dúpẹ́ sọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, "ní àkókò tí òṣìṣẹ́ bá wà lẹ́nu iṣẹ́" ni wọ́n kọ, wọn ò sì túmọ̀ àkókò yẹn. Mo ti kọ̀wé sí wọn pé mo fẹ́ fi ojú ewé kan kún un. Obìnrin tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ fèsì kíákíá, ó ní kí n kọ ohun tí ètò náà ń ṣe ránṣẹ́, pé èmi kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa béèrè.

Ẹ̀yin àgbà, mo ṣe ìyókù bí ẹ ṣe wí. Mo wọ fódà `ise`, mo tẹ `git config user.email`, kò sọ nǹkan kan. Mo wọ `temi`, bákan náà. Kí ló kù?

---

Àgbà_Ẹ̀gbẹ̀

Kò kù nǹkan kan. `gitdir` ń wo ibi tí `.git` wà. Fódà `ise` fúnra rẹ̀ kì í ṣe repo, kò ní `.git` nínú, nítorí náà git ò rí ohun tó máa fi wé e. Wọ inú ìwé kaṣú, kó o tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Bó o bá fẹ́ mọ fáìlì tó ti mú un, fi `--show-origin` sí i.

Ti SSO yẹn: ilé-iṣẹ́ fẹ́ kó o gba ẹnu ọ̀nà tiwọn kọjá kó o tó fọwọ́ kan ohun wọn, láìjẹ́ pé wọ́n gba àkáǹtì lọ́wọ́ rẹ. Àkáǹtì kan lè ní kọ́kọ́rọ́ SSH tó pọ̀, nítorí náà ṣe ọ̀tọ̀ fún wọn:

```
ssh-keygen -t ed25519 -f ~/.ssh/id_ise
```

Gbé `id_ise.pub` sórí GitHub, tẹ Configure SSO tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó o fọwọ́ sí i fún organization wọn. Kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ rẹ, má fọwọ́ sí i. Ìdí ni pé bí ilé-iṣẹ́ bá fagi lé àṣẹ kọ́kọ́rọ́ kan, o ò lè gba àṣẹ fún kọ́kọ́rọ́ yẹn náà mọ́, tuntun lo máa ṣe. Lẹ́yìn náà, fi èyí kún `~/.gitconfig-ise`:

```
[core]
    sshCommand = ssh -i ~/.ssh/id_ise -o IdentitiesOnly=yes
```

Tó o bá ń gbé e sórí GitHub, wọ́n á ní kó o fún kọ́kọ́rọ́ náà lórúkọ. Kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ àti ọdún síbẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ méje, tí gbogbo wọn ń jẹ́ "laptop".